Ṣíbí Igi

Ṣíbí irin ti di ọ̀tá mi láti ọ̀sẹ̀ kejì.
Ohunkóhun tí mo bá fi gbé sẹ́nu
ń ta sí mi lẹ́nu bí ìṣó tó ti dípẹtà,
bí kọ́bọ̀ àtijọ́ tí ọmọdé kì sẹ́nu tó gbàgbé.
Mobọ́láńlé lọ sí Òyìngbò, ó ra ṣíbí igi bọ̀,
ó ní, "Màmá, ẹ fi èyí tọ́ ògì wò."
Mo tọ́ ọ wò. Adùn igi ni.
Igi sàn ju irin lọ.

Ní Ìdí-Àràbà, oògùn pupa ló kọ́kọ́ dé,
ó ń kán tó, tó, tó,
láti inú ike sínú iṣan mi.
Nọ́ọ̀sì Ẹkúndayọ̀ ti kìlọ̀:
"Tí ẹ bá tọ̀ tó pọ́n bíi sóbò,
ẹ má pariwo. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀."
Mo pariwo síbẹ̀.
Bàbá tó ń wẹ̀ ní balùwẹ̀ kejì béèrè pé ṣé ejò ni.
Mo ní ejò kọ́, sóbò ni.
Kò bi mí ní nǹkan mìíràn mọ́.

Ọjọ́ kẹta ni èébì máa ń dé.
Ó mọ ilé wa ní Èbúté Mẹ́ta bí ẹni tó ń pín bíì iná,
kì í kan ilẹ̀kùn.
Òórùn ẹja tí Ìyá Sìdíkátù ń dín nísàlẹ̀
gun àtẹ̀gùn wá bá mi lórí ibùsùn,
mo sáré, mo dì mọ́ báàfù.
Obìnrin náà gbọ́. Kò sọ nǹkan kan.
Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìnkùlé lọ́hùn-ún ló ti ń dín ẹja rẹ̀,
bí òjò bá ń rọ̀, agboòrùn lọ́wọ́ kan,
ìwakọ́ lọ́wọ́ kejì.
N ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́ irú èyí.

Irun orí lọ, n ò sunkún.
Irun ìpéǹpéjú ló pa mí lẹ́kún:
eruku kò tún rí olùṣọ́nà,
tààrà ló ń wọlé.

Lẹ́yìn pupa ni funfun, tó mọ́ gaara bí omi òjò.
Òun ló mú ìka mi lọ.

Ogójì ọdún ni mo fi ránṣọ.
Ìka wọ̀nyí máa ń dá ojúlówó àǹkárá mọ̀
kí ojú mi tó débẹ̀.
Ní báyìí, ó dà bíi pé mo fi ọ̀rá wé wọn
níkọ̀ọ̀kan.
Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí iléèwé wọlé,
ṣáàtì mẹ́tàdínlógún wà nílẹ̀ tí kò ní bọ́tìnnì.
Mo mú abẹ́rẹ́, mo ń rán an,
mo ń rán an,
àfi bí mo ṣe rí àmì pupa lára kọ́là funfun.
Mo wo ìka mi.
Abẹ́rẹ́ ṣì dúró ṣánṣán nínú ẹran,
ara mi kò sì sọ fún mi.

Èyí tí wọ́n fi ń gún mi ní Ìdí-Àràbà ń dùn mí dáadáa.
Èyí tí mo fi ń jẹun ló dákẹ́.

Mobọ́láńlé gba ṣáàtì náà lọ́wọ́ mi.
Mobọ́láńlé tó ní òun kò ní fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ láéláé,
tó lọ kàwé ìṣirò owó
kó má baà jọ mí.
Ó jókòó síbi ẹsẹ̀ ibùsùn, ó fi itọ́ ra òwú,
ó ki ahọ́n síta díẹ̀
bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó ń kọ́ a, b, d.
Bọ́tìnnì kìíní wọ́. Ìkejì tẹ̀lé e, ó tún wọ́ jù ú lọ.
Ẹnu ń yún mi.
Mo bu ògì, mo fi ṣíbí igi dí i.

Ó gbé ṣáàtì sókè síbi iná:
"Màmá, ó wọ́ àbí kò wọ́?"

Mo ní, "Kò wọ́."